Owó èésú ìyá mi fẹ́ẹ́ bá omi iyọ̀ lọ!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ bá mi dá sí i. Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi tó wà ní yunifásítì wálé, ó ní kí Màámi fún òun lówó kọ̀ǹpútà. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó ní òun fẹ́ẹ́ wo bí iyọ̀ ṣe ń rìn nínú omi. Háà! Owó tí wọ́n ń dá jọ láti ra fìríìsà ẹja!

Wọ́n ní, "Ìwọ oníwèé ìròyìn, lọ wádìí ẹ̀ wá." Èmi tí mo fìdí rẹmi nínú Kẹ́mísìrì!

Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá, bí Màámi bá da iyọ̀ sọ́bẹ̀ tí wọn ò rò ó ńkọ́?" Mo ní apá kan á níyọ̀, apá kejì á tẹ́. Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn. Nínú omi tó dákẹ́, sódíọ̀mù inú iyọ̀ á lò tó iṣẹ́jú 6 kó tó rin mìlímítà kan. Sẹ̀ǹtímítà kan ńkọ́? Ó lé ní wákàtí 10! Bí ọ̀mùtí ló ń rìn: á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, á tún padà sẹ́yìn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé sódíọ̀mù kéré ju pòtásíọ̀mù lọ, síbẹ̀ pòtásíọ̀mù ló ń yára jù, torí omi rọ̀ mọ́ sódíọ̀mù bí ọmọ tí ò fẹ́ kí ìyá ẹ̀ lọ sọ́jà.

Kí ló wá kan iná mànàmáná? Nǹkan kan wà bíi bátìrì, supercapacitor lorúkọ ẹ̀. Èédú méjì ni wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀. Bí iná bá wọlé, èròjà iyọ̀ kan á lẹ̀ mọ́ èédú kìn-ín-ní, ìkejì á lẹ̀ mọ́ ìkejì. Kì í pẹ́ kún rárá, èèyàn sì lè gba iná sí i ju ìgbà 100,000 lọ. Èèpo líle ara àgbọn tí ẹ ń dà nù wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe èédú ọ̀hún! Ṣùgbọ́n iná tó ń gbà kéré sí ti bátìrì.

Ojú ò lè rí iyọ̀ nínú ihò èédú, ni wọ́n fi ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí hóró kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti èkejì. Lọ́dún 1971, hóró omi 216 péré ni Rahman àti Stillinger fi ṣe irú ẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ Màámi. Wọ́n ní, "Ṣé á gbé fìríìsà mi?" Mo ní rárá o, kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò fèsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pín owó náà sí méjì, wọ́n fún un ní ìdajì. Ìdajì yòókù ńkọ́? Èmi ni wọ́n ń wò lójú.