Bátìrì méjì, ẹ̀sùn kan

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ìpọ́bẹ̀, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, àwa ọmọ bàbá kan náà mẹ́ta la ni ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó jẹ́ olùkọ́ nínú wa ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kámíọ̀n wa ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ọkọ̀ náà: Berliet aláwọ̀ ewé tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, ọkọ̀ ológun Faransé láyé àtijọ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fà. Ẹrẹ̀ kì í dá a dúró. Òun ló ń kó àgbàdo àti gbágùúdá jáde láti oko nígbà tí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́.

Ẹ lè ti gbọ́ pé a lé awakọ̀ wa, kí ẹ sì ti gbọ́ ìdí tí a fi lé e. Ohun tí ẹ gbọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́. Àwa la sì sọ ọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Iná ọkọ̀ wa kì í ṣe 12 fóòtì bíi ti ọkọ̀ kékeré. 24 ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ológun. Bátìrì oní-12 méjì la so tẹ̀lé ara wọn láti fi gba 24 náà. A ra méjèèjì ní tuntun lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Oṣù mẹ́rin péré, ọkọ̀ kọ̀, kò tan mọ́. Ọjọ́ ọjà ni, ilẹ̀ ti ń ṣú, àgbàdo ìyá kan sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Òjò dé. Tapólì tí a fi bò ó ti ya. Àpò mọ́kànlá ló rẹ, àwa la sì san án.

A gbé bátìrì méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣáàjì. Ó wò wọ́n, ó ní, "Àwọn méjèèjì yìí ò lè jẹ́ ọjọ́ kan náà lẹ rà wọ́n. Ọ̀kan ti gbẹ, ó ti jóná nínú. Èkejì kò jóná, àmọ́ kò gba iná mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó sí wa lórí. A ní ẹnì kan ti jí ọ̀kan nínú tuntun wa, ó ti fi ògbólógbòó dípò rẹ̀. Ta ló sì ní kọ́kọ́rọ́ àpótí bátìrì? Awakọ̀ nìkan ni.

Ọkùnrin náà ti ń wa ọkọ̀ fún bàbá wa nígbà tí ọ̀kan nínú wa ò tíì wọ ilé ìwé. A sọ ọ̀rọ̀ náà sí i lójú ní ibùdókọ̀, níwájú àwọn elérò àti àwọn alágbàrù. Kò bá wa jà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí mọ́gáàdì, ó ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yín," ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dùn wá títí di òní ni pé ó ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ó tó ìgbà mẹ́ta tó sọ ọ́: "Mẹ́tìrì, ọ̀kan nínú bátìrì yìí ń mu omi bí ìkòkò tó jò. Èkejì kò mu rárá." À ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní PCT, tó ń kọ ìlànà iná sójú pátákó lọ́dọọdún, òun gan-an ló fi í rẹ́rìn-ín jù.

A ra bátìrì méjì mìíràn. A gba awakọ̀ tuntun. Nígbà tó di oṣù kejì, abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára iná hàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí olè tí a lè nàka sí, nítorí pé ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Nígbà náà ni olùkọ́ tó ra multimètre kan ní ọjà, tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó sì wọ abẹ́ ọkọ̀.

A kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì, bóyá ó ń yọ̀. Ó le dáadáa. A tan ẹ́ńjìnnì, a tan iná iwájú, a wọn iná lẹ́nu alternateur: 28,2 fóòtì. Ìyẹn dára. Tí ọkọ̀ 24 bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 27,5 sí 28,5. Bó bá kọjá 29, ó ń se bátìrì nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọn ọ́n lórí bátìrì, 27,2 la rí. Níbo ni fóòtì kan wọlé sí?

Ẹ fara balẹ̀ síbí o, nítorí kò ná yín lówó kankan. Bí ẹ bá ń wá iná tó sọnù lójú ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ wọn ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí iná iwájú wà ní títàn, kí ẹ wá wọn ojú wáyà fúnra rẹ̀. A fi ẹnu multimètre kan sí ibi tí iná ti ń jáde lára alternateur, èkejì sí orí rere bátìrì: 0,1. Ó dára. A fi ọ̀kan sí ara irin alternateur, èkejì sí orí òdì bátìrì: 0,9. Ibẹ̀ ni! Masse ló dípẹtà. Wáyà tó so bátìrì mọ́ ṣásì jókòó lórí ọ̀dà àti ìpẹtà. A pa ẹ́ńjìnnì, a tú nọ́ọ̀tì, a ha irin náà títí ó fi dán, a dè é padà, a fi gíríìsì bò ó. 0,9 di 0,1. Iná orí bátìrì di 28,0.

Inú wa dùn. A rò pé ó ti parí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ ṣì wà níbẹ̀: ọ̀kan ń mu omi, èkejì kò mu. Masse tó dípẹtà kò lè fa ìyẹn, nítorí bátìrì méjèèjì ló kàn lọ́gbọọgba. A wá ṣe ohun tí a kò tíì ṣe rí: a wọn bátìrì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan, 15,0. Èkejì, 13,0. Ẹ ro ó pọ̀: 28. Àpapọ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń jóná, ebi sì ń pa èkejì.

A tọ ipasẹ̀ gbogbo wáyà tó wà lórí èyí tí ebi ń pa. Wáyà pupa tín-ín-rín kan gba abẹ́ àga kọjá lọ sídìí rédíò. Oní-12 ni rédíò náà. Àwa fúnra wa la ní kí wọ́n so ó, kí a lè máa gbọ́ ìròyìn lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà la tún so ibi tí àwọn elérò ti ń ṣáàjì fóònù mọ́ ọn, àti gílóòbù kékeré tí a fi ń kó ẹrù lálẹ́. Ẹni tó so ó fún wa mú 12 náà lórí bátìrì kan ṣoṣo.

Ẹ wò ó báyìí. Ìyá kan ń bu oúnjẹ fún ọmọ méjì, iye tó bù fún ọ̀kan náà ló ń bù fún èkejì. Aládùúgbò wá ń jí jẹ nínú abọ́ ọ̀kan lójoojúmọ́. Àròpọ̀ abọ́ méjèèjì ni ìyá ń wò. Kó tó pé lójú rẹ̀, ọ̀kan ti yó kọjá ààlà, èkejì kò sì tíì yó. Bẹ́ẹ̀ ni alternateur ṣe ń rí àròpọ̀ nìkan. Bátìrì tó ń yó jù ló ń se omi inú rẹ̀ gbẹ. Èyí tí kò yó rí, kò ní pẹ́ kú.

A sáré padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣáàjì. Bátìrì àkọ́kọ́ méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A nù wọ́n. Nọ́ńbà ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí ara ọ̀kan náà ló wà lára èkejì. Kò sí ẹni tó jí nǹkan kan. Ó wà lójú níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ò wò ó.

A yọ wáyà rédíò, a ra convertisseur tó ń gba 24 tó sì ń fúnni ní 12. A ní kí wọ́n ṣáàjì bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí tó fi kún, kí a tó so wọ́n pọ̀ padà. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Láàárọ̀, kí a tó tan ọkọ̀, 12,7 ni ọ̀kan, 12,7 ni èkejì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 14 ni kálukú wọn.

A lọ bá awakọ̀ wa nílé rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ká dìde, ó fún wa lómi mu. Ó ní òun ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú yàrá la ti sọ ọ́. Òótọ́ ni. A padà lọ sí ibùdókọ̀ ní ọjọ́ ọjà, a sọ ọ́ níwájú àwọn elérò àti àwọn alágbàrù. Nítorí pé ẹ̀sùn náà ti rìn jìnnà ju ibùdókọ̀ lọ, a tún ń sọ ọ́ níbí: ọkùnrin náà kò jí nǹkan kan wa.

Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Tó bá ní kinní kan ń dún lábẹ́ ọkọ̀ báyìí, a kì í rẹ́rìn-ín mọ́. A máa ń lọ wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ oní-24, ẹ wọn bátìrì yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́la. Bí ẹ bá sì ní ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ̀sùn kàn, ẹ kọ́kọ́ lọ wọn ọ́n ná.