Awọ Àdá

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wá ní Oǹdó, àmọ́ kọ̀ǹpútà la fi ń jẹun ní Àkúrẹ́. Nígbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tí wọn ò lè wo àwọ̀ irin kí wọ́n mọ bó ṣe gbóná tó mọ́, àwa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní ká ran ojú yẹn lọ́wọ́. A fi bíríkì àti wáyà ṣe ààrò oníná mànàmáná, a sì kọ kóòdù tó ń mú ooru rẹ̀ dúró sí 850°C.

Àdá kan tí Bàbá fi sípíríǹgì ọkọ̀ lu, tí wọn ò tíì pọ́n, la kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Kó lè dá wa lójú, a fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì, a rì í sínú òróró, a gbé e lọ sí Oǹdó. Bàbá fa fáìlì sí i lójú. Àdá tó bá le, ṣe ni fáìlì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Tiwa yìí, fáìlì wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́.

"Ẹ ti pa á," wọ́n ní.

A ò gbà. Ọ̀rẹ́ wa kan tó kọ́ nípa irin ní FUTA ló là wá lóye. Kábọ̀n ló ń jẹ́ kí irin le, bẹ́ẹ̀ nínú 100 gíráàmù irin sípíríǹgì, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 0.6 lọ. Bí irin bá pọ́n tí afẹ́fẹ́ sì ń kàn án, ọ́ksíjìn á máa fa kábọ̀n náà kúrò, láti awọ wọnú, á di gáàsì, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ṣe pẹ́ tó níná ni ibi tó rọ̀ á ṣe jìn tó.

Ooru nìkan ni kóòdù wa ń ṣọ́. Bàbá ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ àti àkókò mọ́ ọn. Wọ́n máa ń ri irin mọ́ àárín èédú, kí èédú ti jẹ ọ́ksíjìn tán kó tó kan irin. "Yọ ọ́, ó ti tó!" tí wọ́n máa ń pariwo mọ́ wa ní kékeré, a rò pé ìkánjú ni.

Bàbá rọra fá awọ àdá náà kúrò, títí fáìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Inú rẹ̀ ò kú."

Ní báyìí, inú páànù tí a rọ èédú kún, tí a dé pa, là ń ki irin sí. Àmọ́ ìgbà wo ló tó? Ìyẹn là ń lọ bi Bàbá ní Oǹdó ní gbogbo Sátidé, kí ìwọ̀nba ojú tó kù wọ́n tó lọ.