Ìpara Inú Ẹnu

Ọ̀rọ̀ ìpara kan ni kò jẹ́ kí n sinmi láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kọ̀ ọ́. Ẹnu ló ń dùn ún. Bó bá fi ọbẹ̀ kan ahọ́n, bó ti wù kí ata rẹ̀ kéré tó, omijé á lé ròrò sí i lójú. Ọsàn, tòmátì, ọṣẹ ìfọyín, gbogbo wọn ló ń ta á. Ó ti lo oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ó ti fi omi iyọ̀ fọ ẹnu títí, ẹnìkan tilẹ̀ ní aráyé ló ń dà á láàmú. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà eléyín, dókítà náà tan iná sí i lẹ́nu, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Àwọn ìlà funfun tín-ín-tín-ín ni mo rí, wọ́n já ara wọn kọjá bí iṣẹ́ ara lẹ́ẹ̀sì, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ti òsì bákan náà. Àárín wọn pọ́n, awọ ibẹ̀ sì ti bó.

Lichen planus lorúkọ àrùn yìí. Erasmus Wilson, oníṣègùn awọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1869. Louis Wickham, ará Faransé, ló ṣàlàyé àwọn ìlà funfun náà ní 1895, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ di òní.

Àrùn náà kì í ràn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà ló dojú ìjà kọ ìpìlẹ̀ awọ ẹnu fúnra rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò sì tíì yé ẹnikẹ́ni dájú. Nígbà mìíràn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí irin tí wọ́n fi dí ihò eyín lè fa èyí tó jọ ọ́ gan-an. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi gé bíńtín nínú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lọ yẹ̀ wò. Ó máa ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá lẹ́yìn ọmọ 40 ọdún. Kò ní oògùn tí yóò lé e lọ pátápátá. Pípẹ̀tù sí i ni wọ́n ń pẹ̀tù sí i.

Ìpara clobetasol ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí i. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ dókítà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Dókítà, ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń bóra nìyí?”

“Òun náà ni, Mà.”

“Ẹ wá ní kí n fi sẹ́nu?”

Ó rọra kì í bọ báàgì, kò sì lò ó. N kò lè dá a lẹ́bi. Aṣọ ló ń tà lọ́jà, ìyá kan sì wà nísọ̀ tó kọjú sí tirẹ̀ tí ara rẹ̀ ti pọ́n kanlẹ̀, àfi oríkèé ọwọ́ tó kọ̀ tí kò pọ́n. Awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé a ń rí iṣan lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ojú ọgbẹ́ náà kò jinná bọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń wò lójoojúmọ́ nìyẹn, wọ́n sì ní kó wá fi ohun tó fà á ra ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí irú oògùn yìí ti ṣẹ̀ wá, mo sì bá ara mi nínú igbó. Nǹkan kan wà tó ń sun láti orí kíndìnrín wa, tó máa ń pàṣẹ fún ara pé kó dẹ̀rọ̀. Cortisone jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé rẹ̀. Ní 1948, Philip Hench àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́bùsùn ní cortisone nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ tó fi dìde rìn. Ẹ̀bùn Nobel ti 1950 tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nítorí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n inú òróòro màlúù ni wọ́n ti ń fà á yọ nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ gùn, ó sì wọ́n bí ojú. Ni ìròyìn bá tàn ní 1949 pé èso Strophanthus lè rọ́pò òróòro. Ìtàkùn inú igbó Áfíríkà ni, ẹbí èyí tí àwọn ọdẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń lọ̀ sẹ́nu ọfà. Àwọn onímọ̀ ewéko gbéra láti òkè òkun, wọ́n wá ń wá oró ọfà lọ́dọ̀ wa kí wọ́n lè fi ṣe oògùn oríkèé. N kò lè ro èyí kí orí mi má wú.

Iṣu ló wá borí ìtàkùn. Russell Marker ti wa iṣu igbó ńlá kan ní Veracruz ní Mẹ́síkò ní 1942, ó sì ń fi ṣe progesterone, ohun mìíràn tó ń pàṣẹ fún ara. Ní 1951, wọ́n sọ ohun inú irú iṣu bẹ́ẹ̀ di cortisone. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn rí i pé irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu lè ṣe apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Clobetasol jẹ́ àbúrò cortisone, àmọ́ agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n lọ fíìfíì.

Àṣẹ kan náà ló ń pa níbi gbogbo. Lórí awọ tí wọ́n ń fi ra láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dúdú ara lẹ́nu mọ́, ó sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́. Nínú ẹnu, itọ́ kì í jẹ́ kó pẹ́. Ìdí rèé tí dókítà fi ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi òwú nu ojú ibẹ̀ gbẹ lẹ́yìn oúnjẹ, kó fi bíńtín ra á, kó má sì jẹ tàbí mu ohunkóhun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èfu ló yẹ kó máa ṣọ́, torí ibi tí ìjà bá ti rọlẹ̀ ni èfu ti ń ráyè hù.

Mo sọ gbogbo èyí fún un, títí kan ti iṣu. Ó béèrè bóyá wọ́n máa ń jẹ irú iṣu náà. Mo ní rárá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìpara náà. Bóyá ìtàn ló yí i lọ́kàn padà, bóyá ìrora ló pọ̀ jù, n kò lè sọ. Ibi tó bó ti san, ó fi àpá dúdú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti máa ń fi sí ẹnu àwa adúláwọ̀. Àwọn ìlà funfun ṣì wà níbẹ̀. Ó ń lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, nítorí pé àrùn náà máa ń di jẹjẹrẹ lẹ́nu bí ẹnìkan nínú 100.

Ìyá tó kọjú sí i lọ́jà ló wá kù tí mò ń rò. Ẹni tó ti fi ìpara yìí bóra pẹ́ kò gbọ́dọ̀ dédé já a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ara lè máa jó o, kó sì wú. Èyí tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ sì lè ti mú kí ohun tó ń sun lórí kíndìnrín dáwọ́ dúró. Ó yẹ kí dókítà máa dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó tà á fún un kò sọ ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á bá a sọ ọ́, kí àwọn jọ lọ rí dókítà awọ. Ó ní ẹnu òun lòun á kọ́kọ́ là fún un láti wò, kó lè mọ̀ pé òun náà ń lò ó.