Ṣé Ìdọ̀bálẹ̀ Ti Wá Di Ìbọ̀rìṣà Ni?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Efire, ní agbègbè Ogun Waterside. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Èkó délé, ó bá bàbá àgbà ẹbí rẹ̀ lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i pé kí àwọn bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ o! Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Ìyá ọmọ náà, tó ń yan ẹja tà, wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí. Ńṣe ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Bàbá yìí kì í ṣe àjèjì sí ọmọ náà rárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí i ni. Nígbà tí bàbá ọmọ kú, Bàbá Àlájì ló san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, òun náà ló ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ọmọ fi ń jó irin.

Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni, ọdún tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo fóònù kan. Bàbá Àlájì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ojúde Ọba dé láti Ìjẹ̀bú-Òde lánàá ọjọ́ náà ni, agbádá tó wọ̀ lọ ṣì ń bẹ lórí ìṣó. Kò pariwo. Ó bọ ọmọ lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún un, kí wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ àti ẹran Iléyá tẹ̀lé e. Ọmọ mu omi. Ó fi ọwọ́ ti abọ́ ẹran sẹ́yìn.

“Ẹ má bínú o, Bàbá. A kì í jẹ ẹ́ ní ìjọ wa. Ti ìdọ̀bálẹ̀ náà, Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ní ká máa wólẹ̀ fún.”

Bàbá wò ó títí. Ó ní, “Èmi tí mò ń forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ta lo rò pé mò ń forí kanlẹ̀ fún?”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun fẹ́ lọ sinmi.

Ẹ gbọ́, ìbéèrè bàbá yẹn tó ìwàásù. Ẹni tó bá ń kírun mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú ìforíkanlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Lórí ẹní ìkírun, iwájú orí àti imú ló ń kanlẹ̀, Ọlọ́run ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ṣé òjò ló ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí ọmọ? “Ẹ kú ilé” ló ń sọ. Àgbà á ní kó dìde, á bi í bí ọ̀nà ṣe rí, á ní kí wọ́n fún un lómi. Ìkíni ni.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni irú ìwàásù yìí ti ń jáde. Àwọn ààfáà kan náà ń sọ pé kí Mùsùlùmí má dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀dá. Òótọ́ sì tún ni pé àwọn àgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa sin àwọn bí òrìṣà. Módékáì ni ọmọ wẹ́dà yìí dárúkọ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, pé kò tẹrí ba fún Hámánì. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì kan náà ni Ábúráhámù ti tẹrí ba fún àwọn ọmọ Hétì nígbà tó ń wá ilẹ̀ tí yóò sin ìyàwó rẹ̀ sí. Ẹ wá wo Ẹ́kísódù orí kejìdínlógún: Mósè, tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lórí òkè, jáde lọ pàdé Jẹ́tírò, ó sì tẹrí ba fún un. Ta ni Jẹ́tírò? Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni o!

Ojúde Ọba tí Bàbá Àlájì ti ń bọ̀ yẹn náà, kí ni ìdí rẹ̀? Ìjẹ̀bú tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì títí tí ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi jà á lọ́dún 1892, ló wá gba ẹ̀sìn láàyè. Balógun Kúkù, tó di Mùsùlùmí, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó jẹ́ kí àwọn ṣe ẹ̀sìn àwọn. Ọpẹ́ ló bí ọdún náà. Lónìí, onígbàgbọ́ ń lọ, oníṣẹ̀ṣe ń lọ, àwọn régbérégbé sì ń jó kọjá níwájú ààfin. Ọba Síkírù Adétọ̀nà tí wọ́n kí lọ́dún 2024 yẹn wàjà ní ọjọ́ 13, oṣù keje, ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Wọ́n sin ín ní ìlànà Mùsùlùmí, bí òfin ìpínlẹ̀ Ògùn tọdún 2021 ṣe fàyè gbà á, inú àwọn oníṣẹ̀ṣe kan kò sì dùn sí i. Ìsìnkú ọba ni wọ́n ń jà lé lórí. Kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí bí wọ́n ṣe ń kí ọba.

Ẹ sì rántí Ìsẹ́yìn, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí Ọbásanjọ́ ní kí àwọn ọba dìde kí gómìnà. Ariwo ta káàkiri ayé. Àwọn kan ní ó jàre, àwọn kan ní ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí àti ipò ni wọ́n ń fà.

Ti ẹran, ìyẹn tún yàtọ̀. Bí ọkàn ẹnì kan kò bá gbà á, kí wọ́n má fi tipá mú un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí à ń gbà kọ oúnjẹ. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ ọ́n: “Ẹ ṣeun, mo ti gbà á, ẹ bá mi gbé e pamọ́.” Ọwọ́ tó ti abọ́ sẹ́yìn yẹn ló dun ìyàwó tó se ìkọ́kọrẹ́.

Kí ni ìyá rí? Ọmọ yìí ní àfẹ́sọ́nà ní Àgọ́-Ìwòyè, ọmọ bíríkìlà kan. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Bíríkìlà náà, tí òun gan-an jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ránṣẹ́ pé ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ṣé òun àna ni yóò wá dọ̀bálẹ̀ fún lọ́jọ́ ìdána? Ta ni yóò sì ṣáájú ẹbí ọkọ lọ, bí kì í bá ṣe Bàbá Àlájì?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kúrò nídìí ààro ẹja, ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àlájì, ó kúnlẹ̀. Obìnrin tó ti tó ọgọ́ta ọdún. Bàbá ní, “Ìyàwó, dìde.” Kò dìde. Ọmọ tó wá a kiri bá a níbẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, èéfín ẹja ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà, ó wólẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣe ìdána. Bàbá Àlájì ló ṣáájú. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, bíríkìlà sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ kó tó ní kí wọ́n dìde. Ó jọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Nígbà tí Iléyá 2025 dé, Bàbá Àlájì tún fi ẹran ránṣẹ́ sí ìyá. Bóyá ọmọ jẹ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í. Abọ́ náà kò padà ní òfìfo. Ìyá fọ̀ ọ́, ó fi pamọ́, ó sì bu ìrẹsì Kérésìmesì sí i ní oṣù kejìlá, ọmọ wẹ́dà ló gbé e lọ fún bàbá.