Síónì Tí Kò Ní Òkè

Ní etíkun Ìlàjẹ tiwa, ènìyàn lè dàgbà darúgbó kó má fẹsẹ̀ kan àpáta rí. Ẹrẹ̀ àti omi ni ilẹ̀ wa. Orí òpó la ń kọ́lé sí, pákó la fi ń ṣe afárá láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn. Síbẹ̀, orúkọ òkè ni wọ́n fi sọ ìlú wa: Zion Pepe.

Nígbà èwe wa, Síónì ni ibi tí agogo ti ń dún ní ìdájí. Àwọn àgbààgbà á wọ sùtànà funfun, wọn á bọ́ bàtà sílẹ̀. Obìnrin tó ń ṣa ede á gbé atẹ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ afárá, á ṣanwọ́, á wọlé àdúrà pẹ̀lú òórùn ede lára aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń yínmú sí i.

Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù tí Moses Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1925 ló tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onígbàgbọ́ inú rẹ̀ tí wọ́n ṣe inúnibíni sí ló tẹ Ayétòrò dó ní etíkun wa ní 1947. Bí ọ̀rọ̀ inú Bíbélì ṣe di orúkọ ìletò lẹ́tí òkun nìyẹn: Ugbọ́nlá Zion, Orí-Òkè Ìwàmímọ́. Ẹ ò rí i, orí òkè, lórí omi!

Odi àwọn ará Jébúsì ní Jerúsálẹ́mù, tí Dáfídì gbà, ni Síónì àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ èdè Hébérù kò tíì fẹnu kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní odi ni. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ gbígbẹ ni. Tèmi wà lẹ́yìn àwọn onílẹ̀ gbígbẹ, nítorí ẹni tó ń gbé orí omi ló mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ tó ohun tí a ń gbàdúrà fún.

Lárúbáwá pè é ní Ṣahyūn. Ní Aksum, ní Ẹtiópíà, ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Síónì wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Ní 1901, John Alexander Dowie tẹ ìlú Zion dó lẹ́bàá adágún Michigan ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ gbé orúkọ náà dé Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìjọ Síónì ti Engenas Lekganyane ti di ńlá. Ìràwọ̀ ni púpọ̀ nínú ọmọ ìjọ náà ń fi sáyà.

Èyí tó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara jù lọ ni ti àwọn Rasta ní Jàmáíkà. Áfíríkà ni Síónì tiwọn, Ẹtiópíà pàápàá. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú la òkun yìí kọjá, òkun tó ń lu òpó ilé wa. Láti òdìkejì lọ́hùn-ún, wọ́n kọjú síhìn-ín, wọ́n ní Síónì nìyí. Àwa tí a wà níhìn-ín sì ń kọjú sí Jerúsálẹ́mù. Bí mo bá rántí rẹ̀, omi máa ń lé sí mi lójú.

Òkun ti gbé púpọ̀ nínú etíkun wa yìí lọ. Níbi tí a ti ń sáré lórí pákó, ọkọ̀ apẹja ló ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Àwọn tó ṣí lọ sí Igbókọ̀dá ṣì ń pe ara wọn ní ará Zion. Ara mi ò gbà á kó jẹ́ orúkọ nìkan làwọn ọmọ-ọmọ wa yóò bá; ògiri tí yóò dá òkun dúró la ṣì ń bẹ ìjọba fún.