Níbo Ni Wọn Yóò Sùn?

Ẹ̀yin ará, a dé Grants Pass, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà. Odò Rogue ń ṣàn la ìlú náà já, ọgbà ìgbafẹ́ sì wà létí rẹ̀. Òfin ìlú nígbà kan ni pé aláìnílé tó bá tẹ́ kúbùsù síbẹ̀ láti sùn yóò san owó ìtanràn dọ́là 295. Bó bá ń ṣe é léraléra, ẹ̀wọ̀n lè dé. Ní 2024, adájọ́ 6 nínú 9 ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé èyí kì í ṣe ìyà ìkà tí ìwé òfin wọn kọ̀. Àmọ́ ibùsùn fún aláìnílé kò tó nílùú náà. Ẹni tí kò rí owó ilé san, báwo ni yóò ṣe rí ìtanràn san? Ará, bí a bá ti ilẹ̀kùn ìjọ wa lálẹ́ òní, ta ló kù síta?