Iṣẹ́ Mọ́mì Mi Tí Mo Kọ̀ Ní Ọdún Àkọ́kọ́

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, thesis ò jẹ́ kí n ráyè. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi ní Rye Lane, ní Peckham wa níbí. Ọmọkùnrin kan mú àbúrò ẹ̀ kékeré wá gẹrun. Onígbàjámọ̀ wa, tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, ti sọ fún un pé ìwé dókítà ni mò ń kà, pé kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, ti saikọ́lọ́jì ni. Ọmọ náà tẹrí ba fún mi, ó ní, "Ẹ káàsán sà. Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, saikọ́lọ́jì ni mò ń kà. Kí ló yẹ kí n máa ṣe láti ìsinsìnyí?"

Mo dá a lóhùn bí gbogbo àgbà ṣe máa ń dáni lóhùn. Mo ní, "Ṣáà gbájú mọ́ ìwé ẹ. Tó o bá ti ṣe dáadáa, nǹkan á yanjú." Ó dúpẹ́. Wọ́n pè mí sórí àga. Nígbà tí mo fi máa dìde, òun àti àbúrò ẹ̀ ti lọ.

Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé ni mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún ọmọ ọlọ́mọ. Torí èmi gbájú mọ́ ìwé mi, mo sì ṣe dáadáa, nǹkan ò yanjú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ọdún 2015 ni mo wọ yunifásítì. Iṣẹ́ care ni mọ́mì mi ń ṣe nígbà náà, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù yìí. Iṣẹ́ òru ni wọ́n máa ń ṣe jù. Bí wọ́n bá ń wọlé láàárọ̀ ni èmi ń jáde lọ síléèwé. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní, "Ìwọ tó o ní o fẹ́ mọ bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, wá máa bá mi ṣe shift kan lọ́sẹ̀. Manager wa ń wá èèyàn. Ibẹ̀ lo ti máa rí i."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo dẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé láé. Mo ní, "Mọ́mì, kì í ṣe torí kí n lè máa nu ìdí òyìnbó ni mo ṣe ń kàwé."

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn gbé báàgì wọn, wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Ìdí òyìnbó tí wọ́n ń nù yẹn ló ń san owó ilé wa.

Fún ọdún mẹ́ta, ilé, kíláàsì àti láíbìrì nìkan ni mo mọ̀. Ní 2018 mo jáde pẹ̀lú 2:1, a ya fọ́tò, a se jọ̀lọ́ọ̀fù. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ assistant psychologist. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe kí wọ́n tó ráyè wọlé kọ́ iṣẹ́ clinical psychologist. Wọ́n lè gbé e síta láàárọ̀ kí wọ́n tì í kó tó di ọ̀sán, torí àwọn tó kọ̀wé ti pọ̀ jù. Ìgbà 38 ni mo kọ̀wé. Intafíù kan ṣoṣo ni wọ́n pè mí sí.

Obìnrin tó ń bi mí ní ìbéèrè ní kí n sọ ìgbà kan tí mo wà pẹ̀lú ẹni tí ìdààmú bá gan-an, àti ohun tí mo ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí John Bowlby kọ nípa bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá ẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa. Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Kí ni ìwọ ṣe?" Mo wò ó, ó wò mí. Mi ò ní nǹkan kan láti sọ.

Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, mo lọ bá mọ́mì mi ní kíṣìnì. Mo ní, "Mọ́mì, ṣé manager yín ṣì ń wá èèyàn?" Wọn ò rán mi létí ọ̀rọ̀ ìjọ́sí. Wọ́n kàn ní, "Wá bàtà tó rọ̀ o. Ẹsẹ̀ á dùn ẹ́."

Mo lo oṣù 14 níbẹ̀. Mo nu ìdí, mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, mo fún èèyàn lóúnjẹ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá ìyá àgbà Yorùbá kan tí dementia ń bá jà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dẹ̀ ti sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa rí. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí, lára ọ̀pọ̀ èèyàn, èdè tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Èdè ìyá ẹni ló máa ń gbẹ́yìn. Tó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn, wọ́n á máa pariwo. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nípa wọn ni pé wọ́n máa ń bínú, pé wọ́n ń pariwo ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé kí dókítà wá fún wọn ní oògùn tó máa jẹ́ kí ara wọn rọlẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe shift ọ̀sán ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi! Àwọn ọmọ ti jáde níléèwé! Ta ló máa lọ mú wọn?"

Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ kẹ̀?

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Àwọn ọmọ ti dé o." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù?" Mo ní, "Wọ́n ti bọ́ ọ, mà." Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n jókòó.

Ẹ má rò pé ìyanu ni mo ṣe o. Ní ọjọ́ kejì, ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń jiyàn lórí bóyá ó yẹ kéèyàn pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá wa ló kọ́ mi ní èyí tó dáa jù: kí n ní kí wọ́n sọ fún mi nípa àwọn ọmọ náà. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ aago tí ariwo bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a rí i pé láàárín aago mẹ́ta ààbọ̀ sí márùn-ún ni. Ọmọ wọn obìnrin sọ fún wa pé àsìkò yẹn gan-an ni màmá máa ń lọ mú wọn níléèwé láyé ìjọ́sí. A wá ń fún wọn ní tíì àti aṣọ kéékèèké láti ká kí aago yẹn tó lù. Ariwo ò tán, ṣùgbọ́n ó dínkù gan-an. Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn náà, wọ́n gbé e tì.

Ìgbà tí mo tún dé iwájú àwọn onífíù, fún iṣẹ́ research assistant, wọ́n bi mí ní irú ìbéèrè yẹn. Mi ò dárúkọ Bowlby. Mo sọ ti màmá, láì dárúkọ wọn. Wọ́n fún mi ní iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀nà PhD tí mò ń ṣe yìí ti là. Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò mọ́mì mi ló wà.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i pé ohun téèyàn mọ̀ láti ilé wà lára ìrírí. Téèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, Denmark Hill ló kàn. Ibẹ̀ ni Maudsley wà, ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, tó ṣílẹ̀kùn ní 1923. Institute of Psychiatry tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni Adéoyè Lambo ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ, lẹ́yìn tó ti ka ìwé dókítà ní Birmingham. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1923 náà ni wọ́n bí i. Ní 1954, ní Aró, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ayé ṣì ń sọ títí dòní: aláìsàn á máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ìbátan ẹ̀ kan á wà pẹ̀lú ẹ̀, á máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe Denmark Hill ló kọ́ ọ pé a kì í fi aláìsàn sílẹ̀ lóun nìkan. Ilé ló ti mọ ìyẹn.

Wọ́n ṣì nílò irú wa níbí. Ìṣirò ìjọba England fún ọdún tó parí ní oṣù kẹta 2023 fi hàn pé iye àwa aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi òfin Mental Health Act dá dúró sílé ìwòsàn ju ìlọ́po 3 ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, téèyàn bá wo iye wa nílùú. Mélòó nínú wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọ́?

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí n sọ fún ọmọ yẹn nìyí.

Ọdún àkọ́kọ́: wò ó bóyá British Psychological Society fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì ẹ, torí tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, wàá tún padà kà sí i. Wá nǹkan kan tí wàá máa ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kódà kó jẹ́ wákàtí mẹ́ta péré. Samaritans wà láti 1953, wọ́n ń kọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹni tí ayé sú. Tí agbára ẹ ò bá gbé iṣẹ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ care ń sanwó, kò dẹ̀ sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka wákàtí yín o: 20 lọ́sẹ̀ ni òfin sọ fún ẹni tó ń ka digíríì nígbà tí iléèwé bá ń lọ. Ra ìwé kékeré kan. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó o ṣe, ohun tó o máa ṣe yàtọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Ọdún kejì: kan ilẹ̀kùn olùkọ́ ẹ. Sọ pé o fẹ́ bá wọn ṣe nínú ìwádìí wọn, kódà kó jẹ́ láti máa tẹ èsì sínú kọ̀ǹpútà. Má sá fún statistics. Tí iléèwé ẹ bá ní ọdún placement, wá a lọ.

Ọdún kẹta: má dúró dìgbà tó o bá jáde kó o tó wá iṣẹ́. Dẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ò ṣe ẹyọ kan. Talking Therapies ti NHS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 lábẹ́ orúkọ mìíràn, ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. Ìwádìí náà wà, iṣẹ́ saikọ́lọ́jì ti iléèwé ọmọdé náà wà. Clinical doctorate, ọdún mẹ́ta ni. Ní England, NHS ló ń san owó iléèwé, wọ́n dẹ̀ ń san owó oṣù fún ẹ. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣí ìwé ìwọlé ní Clearing House tó wà ní Leeds, wọ́n á tì í ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, fún àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ni kì í rí i gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ká ọdún méjì tàbí mẹ́ta mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ tètè béèrè o: ẹni tí wọ́n kà sí ọmọ onílé ní ti owó iléèwé ni ọ̀pọ̀ jù lọ àyè yẹn wà fún. Ó sàn kéèyàn mọ̀ ọ́n ní ọdún àkọ́kọ́ ju kó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó ń kọ̀wé.

Mo bẹ mọ́mì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá fún ọ̀rọ̀ 2015 yẹn. Wọ́n ní, "Èwo nínú ọ̀rọ̀ ẹ?" Mo mọ̀ pé wọ́n rántí. Wọ́n ní kí n bu ọbẹ̀ sí i.

Tí ẹ bá mọ ọmọ tó mú àbúrò ẹ̀ wá gẹrun ní Rye Lane ní Sátidé tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò tiyín tó ń ka saikọ́lọ́jì. Èmi á wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Sátidé tó ń bọ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Irun mi ò tíì hù o, ṣùgbọ́n mo máa jókòó síbẹ̀.